Kọ́kọ́rọ́ Ilé Onílé-Àpáta

Ààlọ̀ o!

Ààlọ̀!

Ẹ dáhùn bí ẹni tó jẹun yó. Èyí tí ẹ dáhùn yẹn, bí ẹni tí wọ́n ń fún ní àgbo mu ni. Ààlọ̀ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀ẹ̀n, ó dáa báyìí. Àlọ́ mi gbéra, ó rìn, ó rìn, kò yà sílé ọba, kò yà sílé ìjòyè, ilé Àwẹ̀ró ló yà sí. Àlọ́ mi dá lórí Àwẹ̀ró, ìyá Málọmọ́, àti àpáta kan tó ní onílé. Ìgè, fi igi iná yẹn sílẹ̀. Àlọ́ yìí ń dẹ́rù bani, mo ti sọ fún yín. Ẹni tí ẹ̀rù bá bà kó sún mọ́ ìyá rẹ̀, kó má wá di aṣọ tèmi mú. Bí mo bá ti dá orin, ohun tí ẹ ó máa gbè ni, “Tó-tó-tó, omi ń kán.” Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ.

Tó-tó-tó, omi ń kán.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Láyé àtijọ́, nígbà tí èèyàn àti ẹranko jọ ń gbé ìlú kan náà, tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀, ọ̀dá dá ní ìlú kan. Oṣù kan, òjò kò rọ̀. Oṣù méjì, òjò kò rọ̀. Oṣù mẹ́ta, òjò kò rọ̀. Odò gbẹ, ẹja kú sínú ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ náà gbẹ, ó là pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Àwọn kànga gbẹ. Nígbà tó yá, ìrì pàápàá kò sẹ̀ mọ́, ewé tí àwọn èèyàn ń lá láàárọ̀ wá gbẹ lẹ́nu wọn.

Àwẹ̀ró ní ọmọ kan ṣoṣo. Ó ti bí mẹ́ta ṣáájú rẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kú. Nígbà tó bí ìkẹrin, wọ́n sọ ọ́ ní Málọmọ́, wọ́n fi orúkọ náà bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró. Ọmọ náà sì dúró. Ó ti pé ọmọ ọdún méjì nígbà tí ọ̀dá yìí dé. Ètè rẹ̀ bó. Ahọ́n rẹ̀ funfun. Bó bá ń sunkún, ẹ ó gbọ́ ẹkún, ẹ ò ní rí omijé. Omijé ti tán lára rẹ̀. Àwẹ̀ró á gbé e lé itan, á máa wo ojú rẹ̀, ẹ̀rù á máa bà á pé èyí náà tún fẹ́ lọ.

Nínú igbó ìlú náà, àpáta ńlá kan wà. Bí èèyàn bá fi etí lé e, yóò gbọ́ bí omi ṣe ń kán nínú rẹ̀, tó, tó, tó. Gbogbo ìlú mọ̀ pé omi wà níbẹ̀. Wọ́n sì mọ̀ pé àpáta náà ní onílé. Kò sẹ́ni tó rí i rí. Onílé-Àpáta ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ pè é. Nígbà tí omi ṣì wà lódò, ta ló fẹ́ dé ibẹ̀? Ṣùgbọ́n nígbà tí òùngbẹ ń pa wọ́n kú lọ, àwọn àgbà ìlú ní, “Ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣòroó ṣí. Àgò ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá kágò bí ọmọlúàbí, yóò ṣí i fún un.”

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹnìkan kì í já wọ ilé onílé bí ewúrẹ́. Ẹ ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó ní, “Àgò onílé o.” Onílé á ní, “Àgò yà.” Ẹ ó sì wọlé. Inú àwọn ará ìlú dùn pé kọ́kọ́rọ́ ti wà lẹ́nu wọn látọjọ́ yìí.

Ọdẹ́jìnmí, olórí ọdẹ, ló kọ́kọ́ lọ. Ó gbé agbè ńlá kọ́ èjìká. Ọ̀sán gangan ló yàn láti lọ, torí wọ́n ní ìgbà yẹn ni oorun máa ń gbé Onílé-Àpáta. Àwọn èèyàn sìn ín dé ìdí igi odán tó wà lójú ọ̀nà, wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n ń wò ó lókèèrè. Ó kágò. Rìrìrìrì, àpáta là sí méjì. Ó wọlé. Gbàmù, àpáta pa dé. Wọ́n dúró, wọ́n dúró. Nígbà tó pẹ́, wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú àpáta: “Àgò o. Onílé, àgò o.” Àpáta kò ṣí. “Àgò o.” Ohùn náà ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀, títí wọn kò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́ àfi omi tó ń kán. Ni wọ́n bá sá wálé.

Ẹfọ̀n ní, “Ọdẹ́jìnmí kò lágbára ni. Bí kò bá ṣí fún mi, ìwo ni n ó fi ṣí i.” Ó so agbè méjì mọ́ ìwo, ó lọ lọ́sàn-án gangan. Ó kágò. Rìrìrìrì, àpáta là. Ó wọlé. Gbàmù, ó pa dé. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ń gbọ́ ìró ìwo lára àpáta, gbì, gbì, gbì. Lẹ́yìn náà, wọn kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ àfi omi.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, “Àwọn méjèèjì ò gbọ́n. Èmi ò nílò ilẹ̀kùn láti jáde, ihò kékeré ti tó mi.” Ó so àdó kékeré kan mọ́ ọrùn, ó lọ lọ́sàn-án gangan. Ó kágò. Rìrìrìrì, àpáta là. Ó wọlé. Gbàmù, ó pa dé. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń họ ògiri, họ́rọ́-họ́rọ́, họ́rọ́-họ́rọ́. Lẹ́yìn náà, wọn kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ àfi omi.

Látọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ àpáta mọ́. Kálukú wọlé, ó tilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ kan, Málọmọ́ kò sunkún mọ́. Ó kàn ya ẹnu sílẹ̀ ni. Àwẹ̀ró gbé e fún ìyá ọkọ rẹ̀, ó ká òṣùká, ó gbé ìkòkò.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ní, “Níbo lò ń lọ?”

“Ilé Onílé-Àpáta ni, Ìyá.”

“Àwẹ̀ró, ọkùnrin lọ, kò bọ̀. Ẹfọ̀n lọ, kò bọ̀. Kí lo ní tí wọn ò ní?”

Àwẹ̀ró ní, “N kò ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó tì í báyìí, ojú mi ni yóò ṣe kú. Mo ti wo mẹ́ta báyẹn. N kò lè wo ìkẹrin.”

 Ìyá àgbà náà gba ọmọ mọ́ra.

Àwẹ̀ró ń lọ. Ó kọjá igi odán. Kò sí ẹyẹ tó ń ké. Kò sí ewé tó ń mì. Ó dé iwájú àpáta, ó sọ ìkòkò kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi orin kágò:

Onílé àpáta, àgò o.
*Tó-tó-tó, omi ń kán.*
Èmi Àwẹ̀ró ni mo dé o.
*Tó-tó-tó, omi ń kán.*
Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ mi nílé.
*Tó-tó-tó, omi ń kán.*
Ẹ ṣílẹ̀kùn kí n bomi o.
*Tó-tó-tó, omi ń kán.*

Ohùn kan dáhùn láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀, ohùn tó jẹ́ pé inú egungun ni èèyàn ti ń gbọ́ ọ. Ó ní, “Àgò yà. Wọlé, ọmọ mi.”

Rìrìrìrì, àpáta là. Àwẹ̀ró wọlé. Gbàmù, àpáta pa dé lẹ́yìn rẹ̀. Òkùnkùn bò ó. Otútù mú un. Omi wà níbi gbogbo, ó ń gbọ́ ọ lápá ọ̀tún, ó ń gbọ́ ọ lápá òsì. Ní ìsàlẹ̀ ilé lọ́hùn-ún, ohun ńlá kan ń mí. Fọ́ọ̀. Fọ́ọ̀. Bó bá mí, ìró rẹ̀ á kan òrùlé, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á kan aṣọ Àwẹ̀ró lára.

Àwẹ̀ró ní, “Ẹ kú ilé o, Bàbá.”

Ohùn náà ní, “Kú àbọ̀. Bomi. Mu. Jókòó.”

Ó bu omi mu. Ó bu omi kún ìkòkò. Ó gbé e rù, ó fi ọwọ́ kan tọ́ ògiri, ó ń wá ẹnu ọ̀nà padà. Kò rí i. Ibi tó gbà wọlé ti di àpáta, kò sí àmì kankan lára rẹ̀. Ó tún gbé ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ lu itan èèyàn.

Ohùn kan sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Rọra. Má pariwo.”

Nígbà tí òkùnkùn mọ́ ọn lójú díẹ̀, ó rí i pé Ọdẹ́jìnmí ni. Ó jókòó ti ògiri, agbè rẹ̀ kún fún omi, ó ṣì wà léjìká rẹ̀. Egungun rẹ̀ ti hàn lábẹ́ awọ. Ewédò tó wà lára àpáta ló ń jẹ. Ẹfọ̀n dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìwo rẹ̀ kan ti kán. Ọ̀kẹ́rẹ́ ká jọ sábẹ́ ikùn Ẹfọ̀n, èékánná rẹ̀ ti jẹ tán, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n.

Àwẹ̀ró ní, “Ṣé ẹ ò kágò ni?”

Ọdẹ́jìnmí ní, “Mo kágò títí ohùn mi fi há. Ó ń dáhùn. Ó ní àgò yà, o ti wà nínú ilé, jókòó. Èmi náà jókòó. Mo ń dúró kó sùn ni. Bó bá sùn wọra, bóyá ilẹ̀kùn á dẹ̀, màá yọ́ jáde.”

“Ó ti sùn rí látìgbà tí ẹ ti dé?”

“Rárá,” ni Ọdẹ́jìnmí wí. “Ṣùgbọ́n oorun ti fẹ́ẹ́ gbé e. Gbọ́ bó ṣe ń mí.”

Àwẹ̀ró dúró. Ó ronú. Ó ní, ilé ta ni mo ti lọ rí, tí mo kàn dìde tí mo sì jáde? Nílé ìyá òun, àlejò kì í yọ́ jáde. Olè ló ń yọ́ jáde. Àlejò á ní òun fẹ́ẹ́ máa lọ, onílé á dìde, á ṣílẹ̀kùn fún un fúnra rẹ̀, á sì sìn ín sọ́nà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ Ọdẹ́jìnmí náà.

Ó ní, “Ṣé ẹ ti dágbére fún un?”

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjú sí i bí ẹni tó ń wo wèrè. Ẹfọ̀n ní, “Ká dágbére fún un kẹ̀? Ṣé kó dìde ni?”

“Ó yẹ kó dìde. Onílé ló ń sin àlejò.”

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, “Kó máa bá mi rìn? Kó wà lẹ́yìn mi nínú igbó? N kò ṣe. Àpáta yìí sàn fún mi.”

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ò rí i? Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ̀ ọ́n látilé. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí wọ́n fi í ṣe nǹkan kan.

Ẹ̀rù ń ba Àwẹ̀ró náà. Ẹ má rò pé ọkàn rẹ̀ le. Omi inú ìkòkò ń dà sí i léjìká nítorí bí orí rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ó ń rí ẹnu Málọmọ́ tó là sílẹ̀. Ló bá kọjú sí ìsàlẹ̀ ilé lọ́hùn-ún, ó kúnlẹ̀ tòun tìkòkò lórí, ó kọrin:

Onílé àpáta, mo dúpẹ́ o.
*Tó-tó-tó, omi ń kán.*
Mo ti bomi, mo ti mu o.
*Tó-tó-tó, omi ń kán.*
Ọmọ mi ń retí mi nílé.
*Tó-tó-tó, omi ń kán.*
Ẹ dìde, ẹ wá sìn mí sọ́nà.
*Tó-tó-tó, omi ń kán.*

Mímí náà dáwọ́ dúró. Omi pàápàá kò kán mọ́. Gbogbo inú àpáta dákẹ́ lọ gbári.

Lẹ́yìn náà, ohun ńlá yẹn dìde. Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń dìde, ó ń dìde, kò tíì dìde tán. Ọdẹ́jìnmí fi agbè bo ojú. Ẹfọ̀n ki orí bọ abẹ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ ń bọ̀. Gbì. Gbì. Gbì. Ó kọjá lára Àwẹ̀ró, awọ rẹ̀ ra á léjìká, ó tutù, ó sì rin. Rìrìrìrì, àpáta là, ìmọ́lẹ̀ wọlé. Àwẹ̀ró kò wo ẹ̀gbẹ́, kò wẹ̀yìn. Ó jáde. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé e nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó wà níwájú, Onílé-Àpáta wà lẹ́yìn. Oòrùn ti yẹ̀ lórí, òjìji ti ń gùn síwájú. Àwẹ̀ró ń wo òjìji tirẹ̀ nílẹ̀, òjìji èyí tó wà lẹ́yìn gba orí tirẹ̀ kọjá, ó bò ó mọ́lẹ̀, ó gùn lọ síwájú. Gbì. Gbì. Gbì.

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń sin àlejò. Àlejò ló máa sọ pé ó tó. Bí kò bá sọ ọ́, ó di dandan kí onílé máa bá a lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó ti fi àbùkù kan àlejò náà. Wọ́n dé ìdí igi odán. Ibẹ̀ ló yẹ kí Àwẹ̀ró ti ní kó padà. Ó la ẹnu, ahọ́n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Kò rí nǹkan kan sọ. Gbì. Gbì. Gbì.

Wọ́n dé odò tó gbẹ. Ohùn náà ní, “Ọ̀nà ilé yín jìn.” Àwẹ̀ró tún la ẹnu. Kò rí nǹkan kan sọ. Gbì. Gbì. Gbì.

Wọ́n dé ẹnu ìlú. Àwọn èèyàn tó rí Àwẹ̀ró lókèèrè ti ń sáré bọ̀ wá pàdé omi. Nígbà tí wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọn kò kígbe. Wọ́n yí padà, wọ́n sá, kálukú ń ti ọmọ ẹlòmíì ṣubú. Ojú wọn ni Àwẹ̀ró fi mọ irú ẹni tó ń sin òun.

Ohùn náà ní, “Mo ń gbọ́ èémí ọmọ kan nínú ilé kẹta lọ́hùn-ún. Ó ń mí díẹ̀díẹ̀. Ṣé ọmọ rẹ nìyẹn? Jẹ́ ká jọ lọ kí i.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Àwẹ̀ró lára. Òun ló ké sí ẹni yìí. Òun ló mú un dé ibi tí ọmọ òun wà. Ẹnìkan kì í sì kẹ̀yìn sí àgbà dágbére. Ó sọ ìkòkò kalẹ̀. Ó yí padà. Ó kúnlẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wò ó.

Ohun tó rí, kò sọ ọ́ fún ọkọ, kò sọ ọ́ fún ọmọ, títí ó fi kú. Ẹ má bi mí.

Ó ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá. Ara ọmọ náà kò yá, kò tíì lè rí àlejò. Ẹ ti sìn mí tó. Ẹ máa padà sílé o.”

Onílé-Àpáta dúró. Ó dúró pẹ́.  Àwẹ̀ró rò ó lọ́kàn pé bí Onílé-Àpáta bá gbé ẹsẹ̀ kan sí i, Málọmọ́ ti lọ.

Ohùn náà ní, “Ó ti pẹ́ gan-an tí àlejò ti jẹ́ kí n sin òun. Kí wọn nílé.”

Àwẹ̀ró ní, “Wọ́n á gbọ́ o.”

Ó yí padà. Gbì. Gbì. Gbì. Òjìji náà kúrò lórí rẹ̀, oòrùn tún kàn án lára. Ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró kọ̀, kò lè dìde. Ó gbá ìkòkò náà mọ́ra, ó ń wọ́ ọ lọ nílẹ̀ títí ó fi dé ilé kẹta. Ó fi ìka bu omi sí Málọmọ́ lẹ́nu. Ẹ̀kán kìn-ín-ní dà nù. Ẹ̀kán kejì dà nù. Nígbà tó di ẹ̀kẹta, ọmọ náà gbé e mì. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún, omijé sì dà lójú rẹ̀. Àwẹ̀ró náà sunkún títí.

Láti ìgbà náà, Àwẹ̀ró ló ń pọn omi fún gbogbo ìlú. Ojoojúmọ́ ló ń kágò, ojoojúmọ́ ló ń dágbére, ojoojúmọ́ ni Onílé-Àpáta ń sìn ín. Ìdí odán ló ti ń dá a padà báyìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ kò fi ìgbà kan kúrò lára rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, Ẹfọ̀n di ojú, ó dágbére, ó bá a jáde. Ní ọjọ́ kẹta, Ọ̀kẹ́rẹ́ náà dágbére, ó bá a jáde. Ìdí nìyẹn tí ọ̀kẹ́rẹ́ fi máa ń sáré díẹ̀, á dúró, á wẹ̀yìn, á tún sáré. Ó ṣì ń wò ó bóyá wọ́n ṣì ń sin òun.

Bí Àwẹ̀ró bá ti bomi tán, á bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọdẹ́jìnmí, á ní, “Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n. Ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ẹ́ máa lọ. Gbólóhùn kan ni.”

Ọdẹ́jìnmí á fi ìka lé ètè, á ní, “Rọra. Oorun ti fẹ́ẹ́ gbé e.”

Ní ọjọ́ kan, òjò rọ̀. Odò kún. Kò sẹ́ni tó tún nílò omi àpáta mọ́. Síbẹ̀, Àwẹ̀ró padà lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí Ọdẹ́jìnmí. Ó kágò, wọ́n ṣí i fún un. Ó bá a níbi tó jókòó sí, agbè rẹ̀ kún, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó kọ etí sí ìsàlẹ̀ ilé. Àwẹ̀ró fọwọ́ kàn án. Ara rẹ̀ ti tutù bí ògiri tó fara tì.

Ẹ̀kọ́ tí àlọ́ mi kọ́ mi nìyí, ẹ jẹ́ kó kọ́ ẹ̀yin náà. Ọ̀rọ̀ tó gbà yín wọlé lè máà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí yóò mú yín jáde, nítorí náà ẹ má ṣe rò pé ẹ ti ní gbogbo kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ohun tó yẹ ní sísọ fún ẹni tí ẹ ń bẹ̀rù, ẹ kúnlẹ̀, ẹ kọjú sí i, ẹ sọ ọ́. Ẹ má jókòó máa retí pé kó sùn.

Ibi tí àlọ́ mi sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ nìyí. Bí mo bá bù mọ́ ọn, kí ẹnu mi má lè dún. Bí n kò bá bù mọ́ ọn, kó dún lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó lọ sùn.

Pó. Pó. Pó.

Ẹ ti gbọ́ ọ. Ó yá, ẹ dìde ńlẹ̀. Kí kálukú dágbére fún mi dáadáa kó tó gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde.